Ilé Onílẹ̀kùn Àwọ̀ Ewé

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Valdecorza, abúlé wa ní ilẹ̀ Sípéènì, gùn tó apá ọmọ ọdún mẹ́wàá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Irin dúdú ni. Ó wúwo débi pé ẹni tó bá kì í bọ àpò yóò máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń rìn. Ọdún méjìléláàádọ́ta ló fi so mọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn Honorina Lagunas. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló gbé e lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá náà kò gbé e gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́. Wọ́n ní kó máa ṣí i fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó sì ń ṣí i.

Àbúrò bàbá àgbà mi ni Honorina, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ló ń pè é ní Màmá, títí kan àwọn tí kò fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Eusebio ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní Bilbao. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọmọ náà máa ń pè é lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń bi í: "Màmá, ìgbà wo lẹ máa wá bá wa gbé?" Ìdáhùn kan náà ló máa ń gbà: "Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn?"

Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló ń gbé Valdecorza nígbà òtútù. Ilé ẹ̀kọ́ ti tì kí wọ́n tó bí mi. Ilé ìtajà tẹ̀ lé e. Dókítà ń wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá bàjẹ́. Ohun kan tó kù tí ẹnikẹ́ni lè tìtorí rẹ̀ rántí wa ni ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún, àti ère Màríà tó wà nínú rẹ̀. Igi ni ère náà, ó jókòó, ojú rẹ̀ tóbi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti kán láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí. Màríà Ọlọ́wọ́ Kan là ń pè é. Nítorí rẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń fi wákàtí méjì la pápá gbígbẹ kọjá, pápá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe àgùntàn àti igún. Wọ́n ń wá láti Madrid, láti Zaragoza, láti ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n á gun òkè dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bá a ní títì, wọ́n á sì rí ìwé kan nínú náílọ̀nù tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn:

"Kọ́kọ́rọ́ wà ní ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé. Ẹ kàn án gidi. Mi ò gbọ́ràn dáadáa."

Èmi ni mo kọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Màmá ló ń pè é, mo ń kọ. Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní kò yẹ kí orúkọ obìnrin máa wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Nọ́ńbà ilé ńkọ́? Ó ní ta ló ń wo nọ́ńbà? Ilẹ̀kùn tirẹ̀ nìkan ló jẹ́ àwọ̀ ewé láàárín ilé gbogbo, nítorí ọ̀dà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí Eusebio kun katakata rẹ̀ tán ló fi kun ilẹ̀kùn. Òótọ́ ló sọ. Kò sí àlejò tó ṣìnà rí.

Bí wọ́n bá kàn án, á bọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀ sílẹ̀, á tún irun rẹ̀ ṣe níwájú dígí kékeré, á mú kọ́kọ́rọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Òun ló máa ń ṣíwájú gun òkè, àwọn àlejò á sì máa tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ní ẹnu ọ̀nà, á yíjú padà.

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín. Ilé Ọlọ́run ni, kì í ṣe ilé ọtí Rosendo."

Ìbáà jẹ́ oṣù kẹjọ tí ẹrẹ̀ kò sí níbì kankan, wọ́n á nu ẹsẹ̀. Á yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á fi orúnkún ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n bá wọlé, kò ní kánjú. Á ní kí wọ́n dúró ná, kí ojú wọn mọ òkùnkùn. Wọ́n á dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ńlá Màríà á yọ sí wọn láti iwájú, bí ẹni pé òun ló ń bọ̀ wá bá wọn.

Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń sọ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń pe kìnnìún tí wọ́n gbẹ́ sórí òpó ní ajá. Ó ní ọba kan sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọba tí kò gba ibẹ̀ kọjá rí láyé rẹ̀. Èyí tó máa ń fi parí ni ti ọkùnrin tí wọ́n gbẹ́ sí orí òpó kẹta lápá òsì, ọkùnrin tó tẹ̀ síwájú tí àpò sì so kọ́ ọrùn rẹ̀.

"Ará ibí ni," á wí. "Darandaran ni. Oṣù méje ló máa ń fi da àgùntàn lọ sí gúúsù, bí bàbá ọkọ mi ṣe ń ṣe. Lọ́dún kan, ó ń bọ̀ wálé, ó gbé iyọ̀ kọ́rùn fún ìyàwó rẹ̀. Yìnyín ká a mọ́ orí òkè, ó kú síbẹ̀, ó ku ìrìn wákàtí kan péré kó dé. Àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, wọ́n sì gbẹ́ ẹ sí orí òpó, kó lè délé."

Mo fi ojú ara mi rí obìnrin Jámánì kan tó sunkún nídìí òpó yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo gboyè nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, oyè tí kò tíì rí iṣẹ́ kankan fún mi títí dòní ju kí n máa dáhùn fóònù àwọn tí inú ń bí ní Madrid. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Màmá kó ènìyàn mẹ́fà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bá wọn wọlé. Nígbà tó dé ìdí ọkùnrin yẹn, mo la ẹnu mi.

"Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ahun ni, olówó tí kì í náwó. Àpò owó ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bìlísì ló ń fà á lọ sí ọ̀run àpáàdì. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè yìí. Mo ti ka ìwé mẹ́ta nípa rẹ̀."

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wo Màmá, wọ́n wò mí. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ohun tí mo sọ sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀.

"Noelia kàwé," ni Màmá sọ fún wọn. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì fún nǹkan kan. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ tòmátì tó gbìn sẹ́yìn ilé ló bá mi sọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wà nítòsí, kì í dé ìdí òpó kẹta mọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù. Fadá Efrén ló mú un wá. Ará Colombia ni Fadá yìí, abúlé mẹ́rìnlá ni wọ́n sì dì lé e lórí, nítorí náà inú ọkọ̀ ló ń gbé jù. Ó jókòó sí ilé ìdáná Màmá, ó sì ka lẹ́tà náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Olè ń jà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìgbèríko. Ère èyíkéyìí tí ènìyàn kì í wá wò púpọ̀, wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní ìlú, fún ààbò. Tí ọgọ́rùn-ún arìnrìn-àjò bá fọwọ́ sí ìwé láti Àjíǹde títí dé Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ère yóò dúró. Tí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò lọ.

"Ọgọ́rùn-ún péré?" Màmá rẹ́rìn-ín. "Fadá, nínú oṣù kẹjọ nìkan mo máa ń ṣílẹ̀kùn títí ọwọ́ á fi máa ro mí."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa kọ orúkọ wọn."

Ó gba ìwé àlejò tí Fadá mú wá, ó gbé e sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi okùn so bírò mọ́ ọn kí àwọn ará Madrid má baà jí i lọ.

Ní oṣù kan náà, Fermín Calleja dé. Òun ni alága ìlú wa. Ìlú ńlá ló ń gbé, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ṣe alága. Ó ti fi orúkọ Valdecorza sílẹ̀ láti wọ inú ìwé àwọn abúlé tó rẹwà jù lọ, ó sì ti pinnu pé gbogbo ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan, àwọ̀ ilẹ̀, tó bá òkúta mu. Rosendo tó ni ilé ọtí wà níbẹ̀ nígbà tó kó àwọn akunlé méjì dé iwájú ilé Màmá. Òun ló sọ bó ṣe lọ fún mi.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ilẹ̀kùn yín ló kù."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń pariwo."

"Ilẹ̀kùn mi ò pariwo rí. Ìwọ lò ń pariwo. Láti kékeré rẹ ni."

"Àwọ̀ katakata ni, Màmá. Àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò, bí wọ́n bá rí èyí, wọ́n á ní àbí ilé katakata rèé?"

"Eusebio ló kùn ún."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Bí orúkọ wa bá wọ ìwé yẹn, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á máa fi kó àlejò wá. Ọgọ́rùn-ún tí Fadá ń béèrè, ọjọ́ Àìkú méjì péré ni. Ẹnikẹ́ni ò ní lè fọwọ́ kan Màríà yín láéláé."

Rosendo ní Màmá fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà lára bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn lára. 

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n kùn ún," ó wí níkẹyìn. "Àwọ̀ ewé yẹn lágídí."

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé ṣe di àwọ̀ ilẹ̀ bíi ti gbogbo abúlé. Ìwé tó wà lókè lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kò yí padà. Kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Ta ni ní Valdecorza tó máa ń ka ìwé tó ń sọ ibi tí Honorina ń gbé fún un? Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà níbẹ̀. Lójú wa, ó ti di ara igi.

Àjíǹde kọjá, oṣù karùn-ún kọjá. Ènìyàn méjìlá péré ló kọ orúkọ, àwọn tó bá ẹnì kan pàdé lójú ọ̀nà tí wọ́n sì béèrè. Bíbá ènìyàn pàdé kò rọrùn ní abúlé wa. Ìdajì ilé ló ṣófo. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán tí àwọn àlejò máa ń dé, gbogbo wa ti ti fèrèsé, a ń sun oorun ọ̀sán. Rosendo kì í ṣí ilé ọtí rẹ̀ títí di agogo méje, lẹ́yìn tó bá ti bọ́ màlúù rẹ̀ tán.

Màmá ń dúró. Ìgbáròkó rẹ̀ ti ń dùn ún láti ìgbà òtútù. Ní oṣù keje, ilé ìwòsàn pè é pé ipò rẹ̀ ti kàn, kó wá ní oṣù kẹjọ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Oṣù kẹjọ kọ́ ni òun lè fi ilé sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bínú lórí fóònù láti Bilbao. Fadá Efrén bẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé wọn ò rí i pé àwọn àlejò kàn ń pẹ́ ni, wọ́n á yọ nígbà tí oṣù kẹjọ bá dé.

Mo dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ. Mo bá a lórí àga níwájú ilé rẹ̀ nínú oòrùn, kọ́kọ́rọ́ wà lórí itan rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò lọ jókòó sókè ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ibòji wà?"

"Bí mo bá lọ sókè, tí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn mi níbí ńkọ́?"

 Mo ní oyè nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, mo sì kọjá níwájú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí méje lọ́sẹ̀ yẹn, tí mi ò kà á.

Ní ilé ọtí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ.

"Noelia," Rosendo pè mí, "ìwọ tó kàwé, wá là á yé mi. Kí ni àwọn ará ìlú ńlá ń wá nínú itẹ́ òkú wa lọ́dún yìí?"

"Itẹ́ òkú kẹ̀?"

"Mo ń da màlúù kọjá lánàá, tọkọtaya kan dúró níwájú géètì, wọ́n ń kàn án. Ko, ko, ko. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn mẹ́rin. Wọ́n á kàn án, wọ́n á dúró, wọ́n á tún kàn án."

"Ta ni wọ́n rò pé yóò dá wọn lóhùn?"

"Bàbá mi, bóyá. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Kì í dáhùn nígbà tó wà láàyè."

Gbogbo ilé ọtí rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní àṣà tuntun ni, wọ́n rí i lórí fóònù. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Irin ni géètì itẹ́ òkú, ẹ̀yìn abúlé ló wà, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn tí Fermín kà. Àwọ̀ ewé ni.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà sí Madrid, Màmá pè mí wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó gbé páálí kékeré kan síwájú mi, irú èyí tí wọ́n fi ń di bàtà.

"Kọ ọ́ síbí fún mi."

"Kí ni?"

"Òtítọ́ ibẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ohun tí ẹranko kọ̀ọ̀kan jẹ́. Gbogbo rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?"

Kò wo ojú mi. "Wọn ò wá mọ́, Noelia. Mo ti rò ó. Àwọn tó wá lọ́jọ́sí, ẹnì kan ń kọ ohun tí o sọ sínú ìwé. Wọ́n á ti lọ sọ fún ara wọn. Wọ́n á ní arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń parọ́ fún ènìyàn nínú ilé Ọlọ́run."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé àwọn tó wá lọ́jọ́sí kò rántí orúkọ abúlé wa kí wọ́n tó dé títì ńlá. Dípò ìyẹn, mo mú bírò, mo sì kọ ọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, ìlà mọ́kànlá, mi ò fi ohunkóhun sílẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ẹnì kan fẹ́ mọ ohun tí mo kọ́.

Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé. Rosendo lọ bá Màmá nílé.

"Màmá, ẹ gbé ìwé yẹn fún mi. Kí n tó mu kọfí mi tán, n ó ti bá yín kọ orúkọ àádọ́rin. N ó kọ tàwọn ará Japan mọ́ ọn."

"Ẹni tó bá wọlé ló ń kọ orúkọ. Ìwọ gan-an, ìgbà wo lo wọlé kẹ́yìn?"

"Ìsìnkú bàbá mi."

"Kọ tìrẹ nígbà náà, kí o sì kọ ọdún tó o wá."

Wọ́n wá gbé ère náà ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá. Mo ti wálé láti wá tún sàréè ṣe ní Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, bí gbogbo ọmọ abúlé ṣe máa ń ṣe, mo sì dúró. Ọkùnrin méjì ló wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù funfun. Fadá Efrén tẹ̀ lé wọn. Wọ́n nílò kọ́kọ́rọ́, nítorí náà wọ́n ní láti wá kan ilẹ̀kùn Màmá. Ó bọ́ aṣọ ìdáná, ó tún irun rẹ̀ ṣe, ó ṣíwájú wọn. Ó gbà á ju ìdajì wákàtí lọ láti gun òkè náà. Àwọn ọkùnrin náà ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wà lọ́wọ́ wọn, ojú ń tì wọ́n láti kọjá rẹ̀.

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín."

Wọ́n nu ẹsẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n fi náílọ̀nù wé Màríà láti ẹsẹ̀ dé ọrùn. Màmá ṣí ìborùn rẹ̀, ìborùn onírun àgùntàn, ó nà án sí wọn.

"Òtútù wà lójú ọ̀nà."

"Kò ṣeé ṣe, Màmá," ọkùnrin oníbọ̀wọ́ náà wí. "Kòkòrò lè wà nínú aṣọ yẹn, á jẹ igi. Ẹ máà bínú."

Màmá dá ìborùn náà padà sí èjìká ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ni Fadá Efrén wí.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Fadá. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni kò wù wọ́n gbọ́ mọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wọn. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí nǹkan ṣì wà nínú ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jókòó sí etí kànga. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, àpò wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bínú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ibo gan-an ni ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé wà?"

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé! Ẹ̀ẹ̀kẹta mi rèé. Láti Zaragoza ni mo ti ń wá. Ní oṣù karùn-ún, èmi àti ọkọ mi wá gbogbo abúlé yìí, a ò rí àwọ̀ ewé kankan àfi géètì itẹ́ òkú. A kàn án bí wèrè. Ní oṣù keje, a tún wá. Ọkọ mi ní òun ò tún bá mi wá mọ́. Ṣé ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn wọlé ni?"

Mo ní kó dúró dè mí. Mo sáré gun òkè. Ìwé náà wà níbẹ̀. Oòrùn ti mú kí náílọ̀nù rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn ketekete, àwọn lẹ́tà rọ́bótórọ́bótó ọmọ ọdún méjìlá tó fẹ́ kí wọ́n yìn ín.

Nítorí ọjọ́ ìsinmi, Rosendo ti ṣí ilé ọtí láti àárọ̀, Fermín sì wà níbẹ̀. Mo sọ fún un níwájú gbogbo ènìyàn. Ó wò mí, ó gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"Èmi."

"Ta ló ń kọjá níwájú rẹ̀ ní gbogbo oṣù kẹjọ?"

"Gbogbo wa."

"Kí lo wá ń wò mí sí?"

 Rosendo ń nu ife kan tó ti gbẹ. Mo kórìíra Fermín nígbà yẹn, mo kórìíra rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n kò parọ́. Nínú oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé pé orúkọ abúlé wa kò wọ ìwé àwọn abúlé tó rẹwà jù lọ. Wọ́n yin àwọn ilẹ̀kùn.

Láti ilé ọtí lọ́jọ́ yẹn, mo lọ sọ fún Màmá. Mo sọ ọ́ ní ṣókí, bí ènìyàn ṣe ń fa ẹ̀gún yọ. Ó gbọ́, ó sì ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ sókè.

"Wọ́n ń wá, nígbà náà," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ń wá." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mi ò rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yí padà. "Nínú oòrùn yẹn? Wọ́n dúró sí géètì itẹ́ òkú nínú oòrùn yẹn? Kò sì sí ẹni tó fún wọn lómi?"

Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó jókòó, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí ènìyàn lè wò. Ó ní obìnrin náà ti wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gun òkè lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ìgbáròkó yẹn, ó sì ní kí obìnrin ará Zaragoza náà nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú òkùnkùn, ó ní kó dúró kí ojú rẹ̀ mọ ibẹ̀. Obìnrin náà dúró. Kò sí ohun tó yọ láti iwájú. Nígbà náà ni Màmá yọ páálí náà láti inú àpò, ó gbé e jìnnà sí ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìlà kìíní.

Ní oṣù kejìlá, ó ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbáròkó náà kán pátápátá, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọn ì bá ti ṣe ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n kò tún rìn mọ́, kò sì rántí nǹkan dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ fi í sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Màríà Ọlọ́wọ́ Kan wà kò jìnnà síbẹ̀, òpópónà mẹ́fà péré ni. Àwọn olùtọ́jú ní àwọn ò ní ẹni tí yóò máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo lọ wò ó ní oṣù kejì. Mo kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Mo kàn án gidi.

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín," ni ohùn rẹ̀ wí láti inú.

Mo nu ẹsẹ̀. Mo wọlé, mo dúró. Kò mọ̀ mí. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo àlejò, ó jẹ́ kí n dúró fún ìgbà tí ojú mi yóò fi mọ òkùnkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrèsé ńlá wà nínú yàrá náà tí oòrùn sì kún un. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni wọ́n kọ́ ọ. Kìnnìún ni ẹranko òpó kìíní, kì í ṣe ajá. Kò sí ọba kankan tó sùn níbẹ̀. Ìlà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló kà látorí, páálí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè.

"Orí òpó kẹta lápá òsì: ahun ni. Àpò owó ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bìlísì ló ń fà á lọ."

 Mo dúró de èyí tó kù. Kò sọ ọ́.

"Màmá," mo wí, "ṣé kì í ṣe ará Valdecorza ni? Èyí tó gbé iyọ̀ bọ̀ wálé fún ìyàwó rẹ̀ nínú yìnyín?"

Ó wò mí pẹ̀lú àánú, bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tó ti gbọ́ irọ́ níbòmíràn.

"Rárá o," ó wí. "Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó kàwé ló sọ fún mi."